Àfòpiná Tó Ń Jẹ́ Erin: Àkọsílẹ̀ Àpótí Òtútù Tí Mo Kàn, 2022 sí 2024

"Ejò! Ejò rèé o!"

Ohùn ìyá ìyàwó mi nìyẹn, lẹ́yìnkùlé wa ní Thamesmead, gúúsù-ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, oṣù Kẹjọ 2022. Wọn ò tíì lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ wa tí wọ́n ti Ìsẹ́yìn dé. Màmá kì í lè jókòó lásán, wọ́n ní àwọn ó bá wa já ewé tó ti rọ kúrò lára igi fuchsia tó wà lẹ́bàá ògiri. Mo fa ìgbálẹ̀ yọ, mo sáré jáde. Ohun tí mo bá lórí ẹ̀ka náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó ìka àárín mi, ó sì ki tó o. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí èèpo igi. Iwájú rẹ̀ wú, ojú dúdú mẹ́rin sì ń wò mí láti ibi tó wú náà.

Kì í ṣe ejò, àwọn ojú yẹn pàápàá kì í ṣe ojú. Bàbá òyìnbó tí àwa pẹ̀lú wọn jọ pín ògiri ló yọjú sí wa, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní elephant hawk-moth ni. Wọ́n ní kòkòrò ajẹwé tí yóò di àfòpiná ni, kò lóró, kì í sì í bu ni jẹ. Àdùkẹ́ ọmọ mi, tó jẹ́ ọmọ ọdún 8 nígbà náà, di "elephant" mú nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí Bàbá sọ, ó ní Àjànàkú ni ká máa pè é. Àjànàkú náà ni n ó máa pè é láti ibí lọ.

Iṣẹ́ iná mànàmáná ni mò ń ṣe, n kì í ṣe onímọ̀ kòkòrò. Mo ń kọ èyí fún ẹni tó bá rí irú rẹ̀ lẹ́yìnkùlé tó sì fẹ́ tọ́jú rẹ̀ títí yóò fi fò, nítorí èmi fi ọdún méjì ṣe ohun tí kò yẹ kó ju ọdún kan lọ. Lórí àpótí nìkan, £34 ni mo fi ṣòfò kí n tó ná £30 tó ṣiṣẹ́.

Ohun tó wà lórí ẹ̀ka

Mo gbé rúlà tì í: 78 mm. Ìwo kúkurú kan wà ní ìdí rẹ̀, dúdú, ṣóńṣó rẹ̀ funfun. Àwọn ojú ẹ̀tàn yẹn, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì, rí bí ẹyọ ẹ̀wà tí wọ́n fi ẹfun pa létí. Tí ara bá tù ú, orí rẹ̀ gidi tó kéré gan-an á nà síwájú, ọrùn rẹ̀ á sì tín-ín-rín bí ọwọ́jà erin. Ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Ẹ fọwọ́ kàn án pẹ́nrẹ́n, á fa orí náà wọnú, ibi tí àwọn ojú ẹ̀tàn wà á wú, ó di paramọ́lẹ̀. Ẹyẹ tó fẹ́ ṣà á jẹ á fà sẹ́yìn. Màmá náà fà sẹ́yìn, títí dé ilé ìdáná.

Deilephila elpenor ni wọ́n ń kọ ọ́ nínú ìwé. Linnaeus, onímọ̀ ewéko àti ẹranko, ará Sweden, ló sọ ọ́ ní elpenor lọ́dún 1758. Ó wà káàkiri Yúróòpù, ó sì la Éṣíà kọjá dé Japan. Kì í ṣe ohun tó ṣọ̀wọ́n. Àwa ni a kì í wo ilẹ̀.

Ìpele 1: Ìgbìyànjú tó bàjẹ́ (oṣù Kẹjọ 2022 sí oṣù Kejì 2023)

Láàárín ọjọ́ mẹ́fà, mẹ́ta la rí: èyí tó wà lórí fuchsia, àti méjì tí a bá lójú ọ̀nà oníkọnkéré lẹ́yìn ilé, tí wọ́n ń yára rìn bí ẹni tí bọ́ọ̀sì fẹ́ fi sílẹ̀.

1. Ilé àkọ́kọ́ tí mo fún wọn ni ike áísìkiriìmù lítà 2. Mo fi ìṣó gbígbóná dá ihò 20 sí ìdérí rẹ̀, mo já ewé fuchsia sínú rẹ̀. Èyí tí a mú lórí ẹ̀ka jẹun bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣínu ààwẹ̀. Ìgbẹ́ rẹ̀ le, ó dúdú, ó rí bí ìyèré gbígbẹ. Tí ilé bá pa rọ́rọ́ lóru, ẹ ó máa gbọ́ ọ tó ń já bọ́ sínú ike, tó, tó, tó. Àwọn méjì yòókù ò fẹnu kan nǹkan kan.

2. Ní ọjọ́ kẹrin, ti orí ẹ̀ka náà kọ oúnjẹ. Ara rẹ̀ ṣókùnkùn sí i, ó ń yí ike po láti alẹ́ dàárọ̀. Mo rò pé àìsàn ló mú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo fún wọn ní lẹ́tùsì, mo fún wọn ní ẹ̀fọ́ ṣọkọ. Wọn ò wò ó. Màmá ló dúró tì wọ́n díẹ̀ tí wọ́n ní, "Ṣebí ibi tí wọn yóò sùn sí ni wọ́n ń wá." Òótọ́ ni. Tí Àjànàkú bá dàgbà tán, á sọ̀ kalẹ̀ lórí ewé, á máa wá ilẹ̀ tí yóò ti para dà. Èyí tí ẹ bá bá lójú ọ̀nà ní oṣù Kẹjọ, ẹ má wulẹ̀ já ewé fún un. Ilẹ̀ ni kí ẹ wá fún un.

3. Ibí ni owó ti bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Mo ronú bí ọmọ Yorùbá tó ti la ìgbà òtútù 15 kọjá nílùú òyìnbó: òtútù ni ọ̀tá. Mo ra àpótí onígíláàsì, irú èyí tí wọ́n ń sin ẹja sí, £11. Mo ra àpò ilẹ̀ olówó ńlá, £9. Mo ra pẹ́ẹ̀dì oníná tí àwọn tó ń sin aláǹgbá máa ń tẹ́ sábẹ́ àpótí wọn, £14. Mo bu ilẹ̀ tó jìn ní 10 cm, mo bomi rin ín títí ó fi di ẹrẹ̀.

Wọn ò walẹ̀ rárá. Orí ilẹ̀ ni wọ́n dúró sí, wọ́n fa ràwé mẹ́ta mẹ́rin tó bọ́ síbẹ̀ mọ́ra, wọ́n sì ń fa okùn tín-ín-rín jáde lẹ́nu láti fi so ràwé náà pọ̀. Màmá tẹjú mọ́ okùn yẹn. Ilé aláṣọ òkè ni wọ́n bí wọn sí, wọ́n mọ̀ pé ara ilé tí irú kòkòrò báyìí ń hun nínú igbó tiwa ni òwú sányán ti ń wá. "Ṣé a lè ran èyí náà?" Mo fi ìka kàn án, ó já. Àwọ̀n jákujàku lásán ni, ihò rẹ̀ tóbi débi pé ẹ ó rí ẹni tó wà nínú rẹ̀ kedere. Màmá ṣe ṣìọ̀, wọ́n bá iṣẹ́ wọn lọ.

4. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n bọ́ awọ tó kẹ́yìn, wọ́n di ohun tí òyìnbó ń kọ sínú ìwé ní "pupa" tí wọ́n sì ń pè ní píyúpà. Kò pupa o. Àwọ̀ búráwùn ni, bíi ti dàbínù gbígbẹ, orí rẹ̀ ribiti, ìdí rẹ̀ ṣóńṣó, 43 mm. Tí ẹ bá gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, á ju ìdí rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Ìyẹn la fi ń mọ̀ pé ó wà láàyè.

Bó ṣe yẹ kó rí ni pé kó sùn báyìí láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, la òtútù kọjá, kó jí ní oṣù Karùn-ún tàbí oṣù Kẹfà ọdún kejì. Èmi gbé àpótí náà sórí pẹpẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ílà, mo tan pẹ́ẹ̀dì sábẹ́ rẹ̀. Ìwọ̀n 24°C, lọ́sàn-án lóru.

Àbájáde rẹ̀ nìyí. Àkọ́kọ́ jí ní ọjọ́ 9 oṣù Kìíní, nígbà tí yìnyín wà lórí ọkọ̀ níta. Kò sí òdòdó, kò sí akọ, kò sí abo. Èyí tó burú jù ni pé gíláàsì ń yọ̀. Àfòpiná tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde gbọ́dọ̀ gun nǹkan, kó fi ẹsẹ̀ rọ̀, kí ìyẹ́ rẹ̀ lè nà sísàlẹ̀ kó sì gbẹ. Èyí ń gun gíláàsì, ó ń já bọ́. Ó ń gùn ún, ó ń já bọ́. Nígbà tí Àdùkẹ́ fi rí i láàárọ̀, ìyẹ́ rẹ̀ ti gbẹ bí bébà tí wọ́n rún mọ́wọ́. Ọjọ́ márùn-ún ló lò. Ọmọ ò bá mi sọ̀rọ̀ tán títí ọ̀sẹ̀ yẹn fi parí.

Ìkejì gbẹ. Mo gbé e, ó fúyẹ́ bí èèpo ẹ̀pà, kò sì mi ìdí mọ́. Pẹ́ẹ̀dì ló fa omi ara rẹ̀ gbẹ.

Ìkẹta ni ìyanu. Ní oṣù Kejì, a bá ihò ribiti kan lórí píyúpà náà, agbọ́n ẹlẹ́sẹ̀ gígùn kan, tín-ín-rín, sì dúró lórí gíláàsì tó ń nu okùn orí rẹ̀. Ìyá agbọ́n yẹn ti yé ẹyin sínú kòkòrò náà níta kí a tó mú un. Ọmọ agbọ́n ló jẹ ẹ́ láti inú. Ìyẹn ò tọwọ́ mi wá. Ṣùgbọ́n mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí a bá tètè mú wọn ní kékeré, ọwọ́ agbọ́n lè má tíì tó wọn.

Mẹ́ta wọlé, kò sí èyí tó fò. Bàbá aládùúgbò gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ẹ̀yìn ògiri. Wọn ò bá mi wí. Wọ́n kàn bi mí pé, tí wọ́n bá wà níta, ta ni ì bá tan iná sábẹ́ wọn?

Ìpele 2: Àpótí òtútù (oṣù Keje 2023)

Àpótí tí mo kàn kí wọ́n lè sùn la ìgbà òtútù kọjá nínú rẹ̀ gùn ní 40 cm, ó fẹ̀ ní 30 cm, ó ga ní 45 cm. Gíga yẹn ṣe pàtàkì ju fífẹ̀ lọ, nítorí wọ́n nílò ohun tí wọn yóò gùn. Àwọn ohun èlò:

- pákó, láti ara páálẹ́ẹ̀tì tí wọ́n jù nù níbi iṣẹ́: ọ̀fẹ́
- àwọ̀n ọ̀rá fún ẹ̀gbẹ́: £3
- àwọ̀n onírin, ihò rẹ̀ 5 mm: £7 (mo ti pẹ́ jù kí n tó rà á, ẹ ó gbọ́ ìdí rẹ̀)
- ìṣó: £2.50
- ìdè ilẹ̀kùn méjì àti ìkọ́ kan: £3
- òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn oníwúrà ń lò, tó ń ka ìdá mẹ́wàá gíráàmù: £8.50
- tẹmómítà tó ń rántí ìwọ̀n tó lọ sílẹ̀ jù àti èyí tó ga jù: £6

Ayùn, hámà àti ẹ̀rọ tí a fi ń lu ihò, mo ti ní wọn.

Mo gé pákó mẹ́rin fún igun, mo kàn án bí ẹni ń kan àgọ́ adìyẹ. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe pákó lódindi. Mo fi àlàfo 5 mm sáàárín pákó kọ̀ọ̀kan kí omi lè jò. Mo fi pákó inú tí kò dán sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, n ò fi yanrìn-bébà họ ọ́, kí ẹsẹ̀ wọn lè rí nǹkan dì mú. Mo gbé ẹ̀ka igi gbígbẹ mẹ́ta dábùú láti ìsàlẹ̀ dé òkè.

Àṣìṣe ibí: ìdérí àkọ́kọ́ tí mo ṣe, irin pẹlẹbẹ ni, kò ní ihò. Mo dán an wò pẹ̀lú ràwé tútù lásán fún ọjọ́ mẹ́wàá kí kòkòrò kankan tó wọ̀ ọ́. Nígbà tí mo ṣí i, omi ń kán láti ara irin, nǹkan funfun bí òwú sì ti hù bo ràwé. Mo yọ irin, mo fi àwọ̀n dípò rẹ̀. Ó dáa tí mo dán an wò.

Ìpele 3: Bíbọ́ wọn (ìparí oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án 2023)

Lọ́tẹ̀ yìí a ò dúró de fuchsia. Lẹ́bàá omi tó gba àárín Thamesmead kọjá, rosebay willowherb pọ̀ bí ewé odán: ewéko gíga tí òdòdó rẹ̀ pọ́n bíi píǹkì. Ó fẹ́ràn ilẹ̀ tí iná jó. Lẹ́yìn tí bọ́ǹbù Jámánì wó ilé ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, òun ló hù bo àwókù, tí àwọn ará ìlú fi ń pè é ní ewéko bọ́ǹbù. Òun ni oúnjẹ tí Àjànàkú yàn láàyò.

Aago mẹ́wàá alẹ́, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, èmi àti Àdùkẹ́. Alẹ́ ni wọ́n ń jẹun jù. Lọ́sàn-án wọ́n máa ń fara pamọ́ sí ìdí ewéko. Mẹ́fà la mú, nǹkan bí 30 mm sí 40 mm. Wọn ò tíì ní àwọ̀ èèpo igi. Àwọ̀ ewé ni wọ́n ní, àyàfi pé ojú ẹ̀tàn ti wà níbẹ̀. Ìgbà mẹ́rin ni wọ́n ń bọ́ awọ bí wọ́n ṣe ń dàgbà, ìgbà tó kẹ́yìn ni ọ̀pọ̀ wọn ń di búráwùn. Ọ̀kan nínú tiwa kọ̀, ó wà ní àwọ̀ ewé títí dópin. Bàbá aládùúgbò ní bẹ́ẹ̀ náà ni ó máa ń rí nígbà mìíràn.

Oúnjẹ: mo já ọ̀pá willowherb, mo ki í bọ ìgò omi kí ó má bàa rọ. Mo rò pé ọgbọ́n ni mo gbọ́n. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀kan ti rìn tẹ̀ lé ọ̀pá náà wọnú ìgò, ó kú sómi. Mẹ́fà di márùn-ún nítorí pé n ò fi òwú dí ẹnu ìgò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi òwú dí ẹnu ìgò.

Mo ń wọ̀n wọ́n lálẹ́ kọ̀ọ̀kan. Èyí tó wọ̀n ní 0.9 g lálẹ́ àkọ́kọ́ wọ̀n ní 6.3 g lọ́jọ́ 16. Ní ọjọ́ mẹ́rin tó kẹ́yìn, ọ̀pá willowherb márùn-ún ni wọ́n ń pa run lójúmọ́, mo sì ń já òmíràn kí n tó lọ síbi iṣẹ́ àti lẹ́yìn tí mo bá dé. Àwọn tó ń sáré lẹ́bàá omi láàárọ̀ ti mọ̀ mí.

Nígbà tí wọ́n kọ oúnjẹ, mo ti mọ ohun tó kàn. Ilẹ̀ 4 cm péré, tí kò tutù ju aṣọ tí a fún lọ, ràwé gbígbẹ 5 cm lé e lórí. Wọ́n wọ abẹ́ ràwé lóru kan náà. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án, mo ní píyúpà márùn-ún.

Ìpele 4: Òtútù (oṣù Kẹwàá 2023 sí oṣù Karùn-ún 2024)

Mo gbé àpótí sí ṣẹ́ẹ̀dì ẹ̀yìnkùlé, sí ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn kì í dé. Oòrùn ìgbà òtútù tó bá gba fèrèsé wọlé lè tan wọ́n jẹ pé ilẹ̀ ti mọ́.

Ohun tí mò ń ṣe kò pọ̀: omi fífọ́n díẹ̀ sórí ràwé ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, kíka tẹmómítà, kí n má sì tú wọn wò. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló le jù. Ní alẹ́ tí tẹmómítà ka -4°C, mo jí ní aago mẹ́ta, mo sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú bùláńkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́, mo dé ẹnu ṣẹ́ẹ̀dì. Ìyàwó mi ló pè mí láti fèrèsé pé kí ni mo fẹ́ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò. Mo padà wọlé.

Oṣù Kọkànlá ni èkúté wọlé. Mo bá ihò lára àwọ̀n ọ̀rá, ìgbẹ́ èkúté lórí ràwé, àti ìlàjì èèpo píyúpà kan. Márùn-ún di mẹ́rin. Ọjọ́ yẹn ni mo ra àwọ̀n onírin, mo sì kàn án mọ́ gbogbo ẹ̀gbẹ́, òkè àti ìsàlẹ̀. Ihò 5 mm ni kí ẹ rà; èkúté kékeré lè gba inú ihò tó bá fẹ̀ ju ìyẹn lọ.

Ní ìparí oṣù Kẹta mo fi ìka kan kàn wọ́n lẹ́ẹ̀kan péré. Mẹ́ta mi ìdí. Ìkẹrin ò mira, mo sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀, bóyá oorun ló wọ̀ ọ́ lára. Kò jí. Mo là á ní oṣù Keje, inú rẹ̀ ti di ìyẹ̀fun.

Ìpele 5: Jíjáde

Láti oṣù Karùn-ún ni mo ti gbé àpótí sí abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn, kí ooru ìta lè máa kàn wọ́n. Ọjọ́ mẹ́ta kí àkọ́kọ́ tó jáde, píyúpà rẹ̀ ti ṣókùnkùn, tí ẹ bá sì gbé tọ́ọ̀ṣì sí i ẹ ó rí àwọ̀ ìyẹ́ láti abẹ́ èèpo rẹ̀.

Ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà 2024, aago 9:50 alẹ́. Mo gbọ́ ohun tó ń họ ràwé. Tọ́ọ̀ṣì pupa ni mo lò, ó sì ní ìdí. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Lund ní Sweden, Almut Kelber àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, fi hàn lọ́dún 2002 pé Àjànàkú yìí gan-an ń rí àwọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀, níbi tí ojú tiwa ti rí eérú nìkan. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò mọ pupa. Búlúù, àwọ̀ ewé àti ìmọ́lẹ̀ UV tí àwa kì í rí ló mọ̀. Tọ́ọ̀ṣì pupa kì í dà á láàmú.

Ohun tó jáde lábẹ́ ràwé tutù, ó rí jákujàku, ìyẹ́ rẹ̀ ò tóbi ju èékánná ìka kékeré mi lọ. Ó sáré. Ó kan ẹ̀ka igi, ó gùn ún dé 30 cm, ó dúró, ó fi ẹsẹ̀ mẹ́fà dì í mú, ó sì jẹ́ kí ara rẹ̀ rọ̀. Ìyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í nà. Ẹ ò ní rí i kó máa lọ, bíi ọwọ́ aago. Ẹ kúrò níbẹ̀, ẹ padà wá, ó ti gùn sí i. Aago 10:15, ìyẹ́ ti dé ìdí rẹ̀, ó ṣì rọ̀ bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ó kán omi kan tó pọ́n díẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí aago 11:30 lù, ó pa ìyẹ́ náà dé, ó le.

Àwọ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Àwọ̀ ewé ólífì ni ìyẹ́ iwájú, píǹkì sì là á kọjá lẹ́ẹ̀mejì. Píǹkì gba àárín ẹ̀yìn rẹ̀ lọ tààrà dé ìdí. Ìyẹ́ ẹ̀yìn dúdú ní ìpìlẹ̀, píǹkì ní etí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ funfun, okùn méjì orí rẹ̀ náà funfun. Láti ṣóńṣó ìyẹ́ kan dé èkejì jẹ́ 63 mm. Àdùkẹ́, tí a jí kó lè wá wò ó, ní ẹni yìí ń lọ òde ìgbéyàwó. Ẹni tó ran aṣọ ẹbí rẹ̀ mọṣẹ́.

A ṣí ilẹ̀kùn àpótí. Ó mi ìyẹ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta kí ara rẹ̀ lè gbóná, ó gbọ̀n débi pé a ò rí ìyẹ́ náà mọ́, ó sì kọjá lọ sápá òdòdó honeysuckle tó wà lára ògiri Bàbá aládùúgbò. A rí nǹkan fìrí.

Àwọn méjì tó kù jáde ní ọjọ́ 5 àti ọjọ́ 6. Ìyẹ́ wọn pé.

Ìpele 6: Korobá oníná

Korobá yìí ni mo fi ń mú àfòpiná tó ti ń fò lóru. N ò ní fa ọ̀rọ̀ gùn níbí nítorí iṣẹ́ tèmi ni. Àfòpiná tó lóun ó pa fìtílà ni a mọ̀. Ìlànà kan náà ni. Korobá (£4), àrọ tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní 20 cm (£3), iná LED tó ń tan ìmọ́lẹ̀ UV (£9), bátìrì 12V àlòkù, àti páálí ẹyin mẹ́fà nínú korobá kí wọ́n lè rí ibi fara pamọ́ sí dàárọ̀. Iná dúró lórí àrọ, wọ́n á fò gbá a, wọ́n á bọ́ sínú.

Gílóòbù funfun ni mo kọ́kọ́ lò, alẹ́ mẹ́ta, kìkì eṣinṣin. Mo pààrọ̀ rẹ̀ sí UV. Òjò kún korobá lálẹ́ kan, mo ní láti lu ihò mẹ́rin sí ìdí rẹ̀, mo fi àwọ̀n bò ó. Aládùúgbò apá kejì kanlẹ̀kùn láti bèèrè pé kí ni mò ń gbìn tó nílò iná aláwọ̀ aró lóru. Mo gbé korobá hàn án. Kò dà bíi pé ó gbà mí gbọ́ tán.

Ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà, alẹ́ tó móoru tí ìkùukùu bo òṣùpá: Àjànàkú méjì láàárọ̀. Ọ̀kan sanra ní ìdí, abo ni. Mo fi í sínú àpótí páálí tí mo tẹ́ bébà sí, pẹ̀lú ẹ̀ka willowherb kan, fún òru kan péré, mo sì dá a sílẹ̀ lálẹ́ kejì. Ó ti yé ẹyin 19. Méje wà lára ewé, ìyókù lára bébà, bí ẹni tí kò rí àyè yàn. Ẹyin náà ò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ alápò lọ, ó ń dán, àwọ̀ ewé.

Ọjọ́ kẹwàá ni wọ́n pa. Ọmọ tó jáde gùn ní 4 mm, ìwo ìdí rẹ̀ sì gùn ju bó ṣe yẹ fún ara rẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá ṣì kéré tó bẹ́ẹ̀, ẹ má fi ọwọ́ gbé wọn. Mo fi ọwọ́ gbé ọ̀kan, mo tẹ̀ ẹ́ pa. Búrọ́ọ̀ṣì tí àwọn ọmọ fi ń kun àwòrán ni kí ẹ lò. Méjìdínlógún ló kù. A kó 12 padà sórí willowherb lẹ́bàá omi, a mú mẹ́fà.

Màmá pè wá lórí WhatsApp láti Ìsẹ́yìn lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. "Ejò yín ńkọ́?" Àdùkẹ́ gbé fóònù sún mọ́ èyí tó kẹ́yìn nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó fi búrọ́ọ̀ṣì kàn án. Ó fa orí wọnú, ó wú. Màmá kígbe, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín.

Márùn-ún ti wọ abẹ́ ràwé. Ẹ̀kẹfà ṣì ń jẹun. Lálẹ́ àná, 5.8 g ló wọ̀n.